Olùdarí Tó Ń Gba Àtẹ́wọ́ Kó Tó Sọ̀rọ̀

Kí ẹ tó lè kí ọkùnrin yìí tán, ẹ máa mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Olùdarí Àgbà Ilé-Iṣẹ́ Ìbánisọ̀rọ̀ Wéréwéré ni, Alága Ìgbìmọ̀ Ìkànsíra-ẹni ni, Baba Ìsàlẹ̀ fún Gbogbo Ohun Tó Bá Ń Dún sì ni. Oyè tó gbẹ̀yìn yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló fi jẹ ara rẹ̀. Bí ẹ bá kí i tí ẹ fo ẹyọ kan nínú wọn, kò ní dá yín lóhùn, òkè àjà ni á máa wò bí ẹni tó ń wá aláǹgbá. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní orúkọ kúkúrú tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn: Ọ̀rọ̀-Ò-Tán. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà á ṣe máa pè é, torí mi ò ní èémí tí mo fẹ́ fi ṣòfò.

Ọ̀rọ̀-Ò-Tán kì í lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè níbẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́, àjà kẹta sì ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Lọ́jọ́ kan tó ń fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn, mẹ́sẹ́njà kan sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ rọra o, sà," ó sì dé òkè ṣáájú rẹ̀. Àbùkù ńlá! Lọ́jọ́ kejì ni ìwé àṣẹ jáde pé láti ìsinsìnyí lọ, pálọ̀ Olùdarí ti di oríkò ilé-iṣẹ́, gbogbo ìpàdé á sì máa wáyé lórí fídíò. Ẹ ò rí ọgbọ́n? Dípò kí ọkùnrin yìí tún ẹ̀rọ ṣe, ó gbé ilé-iṣẹ́ lọ sílé.

Orí fídíò yẹn ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí Ọ̀rọ̀-Ò-Tán bá la ẹnu ní pálọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ á há sọ́nà, á tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin kó tó dé etí àwọn òṣìṣẹ́, bó bá sì dé, kì í dé pé. Á ní, "Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi ọ̀wọ́n, ìdàgbàsókè tí mo mú wá sí ilé-iṣẹ́ yìí kò lẹ́gbẹ́." Ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni, "Ẹ̀yin... mi... ìdà... yìí kò..." Àwòrán rẹ̀ á wá dúró sójú kan tòun ti ẹnu tó là sílẹ̀, bíi ti ẹni tí dókítà ní kó yọ ahọ́n síta.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn ún jù o. Àtẹ́wọ́ ló dùn ún. Á sọ ohun tó dá a lójú pé ó dùn, á dákẹ́, á gbé àgbọ̀n sókè, á máa retí. Kẹ́kẹ́ á pa. Ìgbà tó bá ti fi ìbínú bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn mìíràn ni àtẹ́wọ́ á tó ya dé, á sì bo èyí tó ń sọ mọ́lẹ̀. Ó gbà pé ọ̀tẹ̀ ni. Ni ìwé àṣẹ mìíràn bá tún jáde: gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa pàtẹ́wọ́ kí Olùdarí tó sọ ọ̀rọ̀ tó dùn, kí àtẹ́wọ́ àti ọ̀rọ̀ lè pàdé lójú ọ̀nà.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn tó kàwé dé yunifásítì ló jókòó tí wọ́n ń wo aago, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ọ̀rọ̀ tí wọn ò tíì gbọ́. Wọ́n á fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ránṣẹ́ sí wọn láàárọ̀, àmì pupa á wà níbi gbogbo tó yẹ kí wọ́n ti pàtẹ́wọ́, pẹ̀lú aago tó yẹ kó lù. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí Ọ̀rọ̀-Ò-Tán fẹ́ kéde ikú bàbá àgbàlagbà kan, awakọ̀ tó ti fi ọgbọ̀n ọdún sin ilé-iṣẹ́. Ìlà íńtánẹ́ẹ̀tì tún fa ẹsẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Bí "bàbá náà ti fi wá sílẹ̀" ṣe ń dé etí àwọn èèyàn ni igba òṣìṣẹ́ bú sí àtẹ́wọ́, tí àwọn kan tún súfèé lé e. Ìyàwó olóògbé wà lórí fídíò, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹnu ò ti sìn lára ilé-iṣẹ́ náà mọ́. Ọ̀rọ̀ dé etí Mínísítà. Bẹ́ẹ̀, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n fi Ọ̀rọ̀-Ò-Tán ṣe Alákòóso Ìbánisọ̀rọ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọjọ́ Jímọ̀ ni Mínísítà àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ máa bá a ṣèpàdé lórí fídíò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ìlà gbọ́dọ̀ mọ́ kó tó dọjọ́ náà. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ilé-iṣẹ́ òun ní òṣìṣẹ́ tó ń tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe.

Ìyá Wáyà ni wọ́n ń pe òṣìṣẹ́ náà. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú báàgì aláwọ kan tí ẹ̀mú, wáyà àti kọ̀ǹpútà àgbàlagbà kan wà nínú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ méjì ṣì wà nílé-ẹ̀kọ́, àìsàn ti dá ọkọ rẹ̀ jókòó sílé láti ọdún mẹ́ta, iṣẹ́ yìí sì ni gbogbo ilé gbójú lé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó wọ pálọ̀ Olùdarí, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì béèrè bí oníṣẹ́ gidi ṣe máa béèrè: "Ẹ káàárọ̀ o, sà. Ìgbà wo ni ìlà máa ń ṣe ségesège jù?"

Ọ̀rọ̀-Ò-Tán wo òkè àjà. "Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbí?"

Ọkùnrin kan sáré yọ láti ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀. Olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ni, Bẹ́ẹ̀ni-Sà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, ọrùn rẹ̀ kò sì mọ ọ̀nà mìíràn ju mímì sísàlẹ̀ lọ. "Ìyá Wáyà, ṣé orí yín pé? Ọ̀rọ̀ kì í ti ẹnu kékeré bọ́ sí etí ńlá tààrà. Ẹ sọ ọ́ fún akọ̀wé kékeré, akọ̀wé kékeré á sọ fún akọ̀wé àgbà, akọ̀wé àgbà á sọ fún mi, èmi á wá gbé e dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá. Ọ̀nà Ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó wà nínú ìwé àṣẹ."

"Ṣé inú yàrá kan náà kọ́ ni gbogbo wa wà ni?"

"Àṣẹ ni, ìyá."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò lórí kápẹ́ẹ̀tì bí ọmọ iléèwé. Ìyá Wáyà sọ ìbéèrè rẹ̀ sétí ẹni àkọ́kọ́, ìbéèrè náà gba etí dé etí, ó dé ọ̀dọ̀ Bẹ́ẹ̀ni-Sà, ẹni yẹn sì tẹríba, ó ní, "Ìyá Wáyà ní òun kí yín, sà. Ó ní ara òun ń gbọ̀n nítorí ògo yín." Inú ọ̀gá dùn. Ìbéèrè ti kú sọ́nà.

Ọ̀rọ̀-Ò-Tán ní tirẹ̀ kò nílò etí ẹnì kankan kó tó sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó na ìka sí fèrèsé. "Èmi Olùdarí! Èmi tó jẹ́ pé bí mo bá wúkọ́, ògiri á dáhùn! Ṣé irú ohùn yìí ló lè ṣàdédé máa já bọ́ lọ́nà? Rárá o! Wọ́n ń jí i ni! Olùkọ́ tó ń gbé ilé kejì yẹn, tó lóun ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, òun ló ń fa ohùn mi gba abẹ́ ògiri. Mo ti ní kí wọ́n gé ìlà rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá!"

Ìyá Wáyà gbàgbé Ọ̀nà Ọ̀rọ̀. "Sà, tí wọ́n bá ti gé ìlà rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí tiyín ò sì yí padà..."

"Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé olè paraku ni! Ẹni tí kò ní ìlà tó ṣì ń jalè!" Ó ju ìwé kan sórí tábìlì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti yẹ ìlà wò, ó sì ti rí i pé Olùkọ́ ló ń jí i. Ibi ìfọwọ́sí nìkan ló ṣófo. "Ọjọ́ Jímọ̀ ni n ó gbé olè yìí síwájú Mínísítà. Kó tó dìgbà yẹn, o fọwọ́ sí ìwé yìí, tàbí kí n fọwọ́ sí ìwé ìdágbére tìrẹ."

Ohun tó wà nílẹ̀ fún Ìyá Wáyà nìyẹn: kó ba ayé ọmọlọ́mọ jẹ́, tàbí kí ebi wọ ilé tirẹ̀. Ó ká ìwé náà sínú báàgì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó padà wá wo àìsàn ìlà náà. Ráúta, àpótí tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, ló kọ́kọ́ wá. Orí àga aláwọ̀ pupa kan ló bá a, tìmùtìmù wà lábẹ́ rẹ̀, aṣọ oníṣẹ́ ọnà bò ó láti òkè délẹ̀, nítorí ìwé àṣẹ kan sọ pé ohun tó ń gbé ohùn Olùdarí kò gbọdọ̀ jókòó sílẹ̀. Ó gbóná bí áyọ̀nù. Ìyá Wáyà ṣí aṣọ kúrò, Bẹ́ẹ̀ni-Sà sì lọgun bí ẹni pé wọ́n tú ọba síhòòhò.

Àwọn onímọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ ohun tó ń ṣe ìlà. Kọ̀ǹpútà Ìyá Wáyà á ké sí ti ilé-iṣẹ́ pé, "Ṣé o wà níbẹ̀?" Èkejì á ní, "Mo wà níbẹ̀." Á wá ka iye ìgbà tó ké, iye èsì tó padà, àti bí èsì náà ṣe pẹ́ tó. Bí ìlà bá dá ṣáṣá, o ò ní tíì ṣẹ́jú tán tí èsì á fi dé. Ó ké lọ́gọ́rùn-ún ìgbà. Èsì méjìdínláàádọ́rin ló padà, wọ́n sì ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́. Méjìlélọ́gbọ̀n sọnù pátápátá.

Ó rò ó pé bóyá wáìfáì ni, ó fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ráúta tààrà. Ọ̀kan náà ni. Ó pààrọ̀ wáyà. Ọ̀kan náà ni. Ó pa ráúta, ó tún un tan, ara rẹ̀ yá fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó tún wó lulẹ̀. Ó pe àwọn tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní láti òpó ojú títì títí dé ẹnu ọ̀nà, kò sí ohun tó ṣe ìlà. Nígbà tó fi máa di aago kan ọ̀sán, ó ti sú u. Aago kan náà ni Ọ̀rọ̀-Ò-Tán máa ń sùn fún wákàtí kan, ó sì wọlé lọ sùn.

Ìyàwó Olùdarí gbé omi tútù wá fún un. "Ẹ mu omi, Ìyá Wáyà. Ṣé ó ti fẹ́ dáa?"

"Màmá, mi ò mọ̀ mọ́." Ó tẹ kọ̀ǹpútà nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò rí nǹkan mìíràn ṣe. Ọgọ́rùn-ún ló ké, ọgọ́rùn-ún ló jẹ́, wìì, kò tíì ṣẹ́jú tán. Ó fò dìde. "Màmá! Kí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa?"

"Mi ò pa nǹkan kan. Bàbá ló sùn."

Àwọn obìnrin méjèèjì wo ara wọn. Wọ́n jókòó ti kọ̀ǹpútà náà títí wákàtí kan fi pé. Ọ̀rọ̀-Ò-Tán jí nínú yàrá, ó wúkọ́ díẹ̀, ó ní, "Omi dà?" Èsì já sí àádọ́rùn-ún. Ó wọ ilé ìwẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá dígí sọ̀rọ̀. Ọgọ́ta.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi o," Ìyá Wáyà ní, "ẹnu Bàbá ló ń ṣe ìlà yìí."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Màmá kó tó fọwọ́ bò ó. "Àbí ti kámẹ́rà yẹn ni?"

"Kámẹ́rà wo?"

Màmá bá mú un yí ilé ká. Ọ̀kan wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, ọ̀kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀kan níbi oúnjẹ, méjì nínú yàrá. Ẹ̀kẹfà wà nínú ilé ìwẹ̀, ó kọjú sí dígí. Oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni Ọ̀rọ̀-Ò-Tán ti pinnu pé àdánù ni fún aráyé tí ọ̀rọ̀ òun kan bá jábọ́ sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sì ṣà á. Bí àwọn kámẹ́rà náà bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n á jí, wọ́n á yà á ní fídíò tó mọ́ débi pé ẹ lè ka irun imú rẹ̀, wọ́n á sì fi í ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ sí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́, níbi tí wọ́n sọ ní Ilé Ìṣúra Ọ̀rọ̀ Olùdarí. Bẹ́ẹ̀ ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà ṣe ṣètò rẹ̀ láìsọ fún oníṣẹ́ kankan. Ẹnikẹ́ni kò sì tíì ṣí Ilé Ìṣúra náà wò rí, torí ta ló fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì?

Ó wá yé Ìyá Wáyà kedere. Ojú ọ̀nà tí nǹkan ń gbà jáde nílé yẹn kò fẹ̀. Fídíò mẹ́fà ló ń ti ara wọn gba ibẹ̀, ohùn ìpàdé á sì tò sẹ́yìn wọn. Èyí tó bá ráyè á pẹ́ kó tó dé, èyí tí kò bá ráyè á já sílẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì náà ló wà. Ọ̀rọ̀-Ò-Tán ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lọ́rùn.

Ó na ọwọ́ láti fa wáyà kámẹ́rà yọ, Màmá sì tètè gbá a lọ́wọ́ mú. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá ọ̀rọ̀ Olùdarí dúró, yálà ní ẹnu rẹ̀ tàbí nínú ẹ̀rọ, títí yóò fi parí fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá rú òfin yìí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ bá mi sọ fún un, ẹ jọ̀ọ́," Màmá ní. "Ọmọ mi bímọ lókèèrè láti oṣù méjì. Ìdajì imú ọmọ nìkan ni mo tíì rí lórí fídíò."

Ní ọjọ́rú, Ìyá Wáyà dúró nínú Ọ̀nà Ọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ ketekete sétí akọ̀wé kékeré: "Ọ̀rọ̀ yín tí kámẹ́rà ń kó ló kún ìlà, òun ló ń fún ohùn yín lọ́rùn. Ẹ pa kámẹ́rà, ara ìlà á yá. Olùkọ́ kò jí nǹkan kan." Akọ̀wé kékeré ní ìyàwó tó lóyún, ó rò ó pé "fún lọ́rùn" ti le jù, ó yọ ọ́. Akọ̀wé àgbà rántí ìwé abẹ́ kámẹ́rà, ó yọ ti kámẹ́rà. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ló yọ Olùkọ́, torí òun ló kọ ìwé ẹ̀sùn. Ohun tó dé etí Ọ̀rọ̀-Ò-Tán ni: "Ọ̀rọ̀ yín kún ìlà, sà."

"Mo mọ̀!" Ọ̀rọ̀-Ò-Tán lu àga. "Ó kún, ó sì ń ṣàn dà nù! Ẹ fi kámẹ́rà méjì kún un!"

Ìyá Wáyà gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Gbogbo ọdún tó fi ń tún ìlà ṣe, kò tíì rí ìlà tó ń já ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí èèyàn mẹ́ta wọ̀nyẹn.

Ọjọ́bọ̀ ni Olùkọ́ dúró de Ìyá Wáyà ní ẹnu géètì. Ọ̀dọ́bìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ojú rẹ̀ ti wú. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ pé ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ọmọ mẹ́tàlélógún ni mò ń kọ́. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ìdánwò wọn, wọn ò gbóhùn mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n tiẹ̀ ń sọ ní àdúgbò pé olè ni mí. Ṣé ẹ ti fọwọ́ sí i ni?"

"Mi ò tíì fọwọ́ sí i, àbúrò mi."

Òótọ́ ló sọ, àmọ́ ojú tì í. Lánàá, lẹ́yìn tí Ọ̀nà Ọ̀rọ̀ já a kulẹ̀, ó ti mú bírò jáde nínú báàgì. Ó rò ti ọkọ rẹ̀, ó rò ti owó iléèwé, ó sì kọ ìdajì lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó kọ̀. Ní báyìí tó rí ojú ọmọ yìí, inú bí i sí ara rẹ̀ àti sí gbogbo wọn. Ó wọlé, ó sì gbé ìwé ẹ̀sùn náà lé Bẹ́ẹ̀ni-Sà lọ́wọ́. "Mi ò fọwọ́ sí irọ́."

Bẹ́ẹ̀ni-Sà wọlé sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ọ̀gá ní kò burú. Lọ́la, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wà ní ilé-iṣẹ́, ẹ ó sì fi ohun tó ń jẹ ìlà han Mínísítà lójú gbogbo ayé. Tí ẹ ò bá fi olè hàn, ẹ máa bá ẹsẹ̀ yín lọ sílé láti ibẹ̀."

"Ṣé ohun tó bá wà nínú ìlà gan-an ni kí n fi hàn?"

"Ohun tó bá wà níbẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ yọ nǹkan kan kúrò!"

"Ẹ bá mi kọ ìyẹn sílẹ̀, kí Ọ̀gá fọwọ́ sí i."

Ọ̀rọ̀-Ò-Tán kì í kọ ìfọwọ́sí láé. Ó fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, ó fa ìlà mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀, ó tún ya òdòdó kan sí i.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Mínísítà, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, jókòó pẹ̀lú àwọn méje tó wà nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Igba òṣìṣẹ́ wà lórí fídíò, ojú wọn ń lọ láti aago sí àmì pupa. Bẹ́ẹ̀ni-Sà, tó wà ní ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú Ìyá Wáyà, fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá ka oyè ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀rọ̀-Ò-Tán wá yọ nínú aṣọ funfun gbòò, kámẹ́rà mẹ́jọ sì jí lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ìbéèrè kan ni mo ní," Mínísítà ní. "Báwo lẹ ṣe pàtẹ́wọ́ fún òkú?"

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà kọjá. "Olú... ọlá... olè... mo ti... fi hàn!" Àwòrán rẹ̀ dúró sójú kan, ìka rẹ̀ na sókè, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ni-Sà bá a túmọ̀. "Ọ̀gá wa ní olè kan ló fa gbogbo rẹ̀, Ìyáàfin. Òṣìṣẹ́ wa fẹ́ fi ojú rẹ̀ hàn yín. Ó yá, Ìyá Wáyà!"

Ìyá Wáyà kọ́kọ́ ka ìwé tí Olùdarí fọwọ́ sí, tòun ti òdòdó. Lẹ́yìn náà ló gbé ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ síwájú gbogbo wọn. "Ẹ̀yin àgbà, tí a bá pín ohun tó ń jáde nílé Olùdarí báyìí sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ń lọ síbì kan ṣoṣo. Mẹ́ta tó kù ni ohùn tí ẹ ń gbọ́ yẹn. Olùkọ́ kò sí níbẹ̀ rárá."

"Ibo ni mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ń lọ?" Mínísítà béèrè.

"Ilé Ìṣúra Ọ̀rọ̀ Olùdarí, Ìyáàfin."

"Ṣí i."

Ó ṣí èyí tó wà lókè pátápátá, ti àárọ̀ ọjọ́ náà. Ilé ìwẹ̀ ló yọ. Ọ̀rọ̀-Ò-Tán dúró síwájú dígí, tọ́wẹ̀lì ló ró, fọ́ọ̀mù yí i lẹ́nu ká, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ló sì fi ṣe ọ̀pá àṣẹ. Ohùn rẹ̀ jáde gbọnmọ-gbọnmọ, kò já, kò pẹ́, torí pé inú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ gan-an ló ti ń jáde. Láti oṣù mẹ́fà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa gbọ́ gbólóhùn rẹ̀ parí lórí fídíò.

"Mo dúpẹ́, Ìyáàfin Mínísítà," ó wí fún dígí, ó sì tẹríba. Ó tutọ́. "Dúpẹ́ kí ni! Obìnrin tí kò lè dá ìwé ara rẹ̀ kà! Kí n ṣáà gba ipò yìí ná. Oṣù mẹ́fà péré, àga tó jókòó lé, ìdí mi ló máa wà níbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ni-Sà pariwo, "Ẹ pa á! Ẹ pa á!"

"Mi ò lè pa á," Ìyá Wáyà ní. "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá ọ̀rọ̀ Olùdarí dúró, yálà ní ẹnu rẹ̀ tàbí nínú ẹ̀rọ, títí yóò fi parí fúnra rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó parí," ni Mínísítà wí. "Àṣẹ ni."

Nílé, Ọ̀rọ̀-Ò-Tán ń fò sókè fò sílẹ̀. Ó ń ké pé kí wọ́n pa á, pé ayédèrú ni. Bó ṣe ń ké sí i ni kámẹ́rà mẹ́jọ ń ya igbe náà, tí wọ́n ń rọ́ ọ sínú ìlà, ohùn ìpàdé kò sì rí ihò abẹ́rẹ́ gbà jáde. Ohun tí gbogbo èèyàn rí ni ọkùnrin aláṣọ funfun tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, tó dákẹ́ rọ́rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin onítọ́wẹ̀lì tí kò dákẹ́.

"Ti olùkọ́ yẹn ńkọ́?" onítọ́wẹ̀lì bi ara rẹ̀ léèrè, ó ṣan ẹnu. "Ó jí i o, kò jí i o, ẹnì kan ṣáà gbọ́dọ̀ jẹ̀bi. Kò kúkú lè jẹ́ èmi." Ó rẹ́rìn-ín sí dígí, ó sì parí fúnra rẹ̀.

Mínísítà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹ dá ìlà olùkọ́ yẹn padà lónìí, kí ẹ sì lọ bẹ̀ ẹ́. Olùdarí, ẹ ti kúrò nípò láti ìsinsìnyí."

Igba òṣìṣẹ́ bú sí àtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ni-Sà yára wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Àmì pupa ṣì ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ìyá Wáyà lọ fa wáyà kámẹ́rà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yọ, ìwé ìdágbére ẹnikẹ́ni kò sì sí nínú báàgì rẹ̀. Ó ké lọ́gọ́rùn-ún ìgbà, ọgọ́rùn-ún ló jẹ́. Nínú yàrá, Màmá ń fi ọwọ́ nu ojú kọ̀ǹpútà, ó ń kígbe pé, "Ẹ wo gbogbo imú ọmọ-ọmọ mi!" Láti ilé kejì, wọ́n ń gbọ́ ohùn Olùkọ́ tó ń béèrè nǹkan, àti ti àwọn ọmọ tó ń dáhùn lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀-Ò-Tán jókòó ní pálọ̀, ó kọjú sí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ti lọ, ó ti ń mi ọrùn fún ọ̀gá tuntun. Ọ̀rọ̀-Ò-Tán wúkọ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi ọ̀wọ́n." Ó dákẹ́, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó ń retí.

Ìyá Wáyà wò ó láti ẹnu ọ̀nà bó ṣe ń palẹ̀ báàgì rẹ̀ mọ́. Àánú díẹ̀ ṣe é, kò pọ̀. Ó sọ ọ́ fún un tààrà, láìgba etí ẹnì kankan: "Ìlà ti dáa, sà. Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ ni."